Ọdún Tí Mo Ṣe Agbẹjọ́rò fún Bọ́ọ̀lù Inú Tẹlifíṣàn

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé àkùkọ ló ń jí gbogbo ọmọ Èkìtì nígbà èwe wa. Ọ̀lẹ ni àkùkọ ilé tiwa. Ìgbà tí a bá ti gbálẹ̀ tán ló tó máa ń kọ, bí ẹni pé òun ló gbá a. Agogo ló ń jí wa. Agogo onídẹ kan ni, ó ní ọwọ́ igi, ilé ẹ̀kọ́ tí Bàbá wa ti ń ṣe ọ̀gá ló pa á tì nígbà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sán tí wọ́n sì ra tuntun. Bàbá gbé e wálé, wọ́n gbé e ka ojú fèrèsé pálọ̀, láti ọjọ́ náà ni ilé wa ní Adó ti di ilé ẹ̀kọ́ kejì. Agogo jíjí wà, agogo àdúrà wà, agogo ilẹ̀ gbígbá wà, agogo oúnjẹ wà, agogo kan sì tún wà tí a kò mọ ohun tó wà fún, ṣùgbọ́n bí a bá ti gbọ́ ọ, a máa ń sáré. Nítorí pé ó ti sán, kì í ró bí agogo tó níyì lára. Gbà-an! ló máa ń dún, bí abọ́ páànù tó já bọ́ nílé ìdáná. Mo ti di ìyá àgbà báyìí, mo ní ilé ìdáná tèmi, síbẹ̀ bí ìdérí ìkòkò bá já bọ́, ara mi á gbọ̀n, ọwọ́ mi á sì máa wá ìgbálẹ̀. Àwọn ọmọ mi ní kí n lọ rí dókítà.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, n kò tíì kúrò nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì gbà pé kò sí ẹni tó gbọ́n tó mi láti àdúgbò Adébáyọ̀ títí dé ìlú Ìyìn. Ẹ̀yìn Adébáyọ̀ ni ilé wa wà nígbà náà, nígbà tí ibẹ̀ ṣì ní oko àgbàdo tí ewúrẹ́ wa máa ń wọ̀ láìtọrọ àyè. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ìró ọmọ odó ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Màmá wa á wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, èmi á wà ní ìkejì, a ó máa gún iyán, èmi á máa ṣe bí ẹni pé agbára mi ló ń sọ ọ́ di iyán, Màmá á sì máa gún tiwọn àti tèmi. Déjì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ló ń pọn omi. Bí ó bá ti gbé garawa dé, a máa ń gbọ́ ọ kó tó yọ, nítorí gbogbo àríyànjiyàn tó ti bá àwọn èèyàn ṣe nídìí ẹ̀rọ omi ló máa ń tún ṣe fún ara rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà, òun ló sì ń borí nínú gbogbo rẹ̀.

Yèyé ni à ń pe ìyá tó bí Bàbá wa. Ìgbẹ̀mọ ni wọ́n ń gbé títí Bàbá àgbà fi kú, kí Bàbá wa tó lọ fi agídí kó wọn wá sọ́dọ̀ wa. Àpò ìrẹsì oko wọn ni wọ́n gbé lọ́wọ́ kan, pátákó lúdò ni wọ́n gbé lọ́wọ́ kejì. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, lúdò. Àwọn ìyá àgbà ilé yòókù ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, tiwa ń ju dáìsì. Ọmọ lúdò aláwọ̀ búlúù nìkan ni wọ́n ń lò, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n sì ti sọ lórúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n bí. Ọ̀kan ń jẹ́ Tíṣà, ìyẹn Bàbá wa. Méjì jẹ́ àwọn ọmọbìnrin wọn tó lọ́kọ sí Ìyìn. Ìkẹrin ni Jídé, àbíkẹ́yìn wọn, tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté àwọn ọkọ̀ òkun ní Èkó, tí kì í wálé àfi nígbà Kérésìmesì. Bí síìsì bá ti yọ, Jídé ni Yèyé á kọ́kọ́ mú jáde, òun ni wọ́n á máa lé bọ̀ wálé, wọn kò sì bìkítà bí a bá ń pa Tíṣà ní gbogbo ìkóríta. Déjì ṣèèṣì pa Jídé nígbà kan. Yèyé kò bínú, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bu ọbẹ̀ fún wa lálẹ́ ọjọ́ náà, egungun lásán ló wà nínú ti Déjì. Láti ìgbà náà, bí Jídé bá ń bọ̀ lójú pátákó, gbogbo wa á yà fún un.

Wàyí o, Bàbá wa fẹ́ràn àríyànjiyàn orí ìtàgé ju ẹran lọ. Nílé ẹ̀kọ́ wọn, àwọn ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń dúró, bí wọ́n ṣe ń na ọwọ́, bí wọ́n ṣe ń wo èrò lójú. Nígbà tí kò sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mọ́ nígbà ìsinmi, àwa ni wọ́n ń fi dánra wò. Ní gbogbo ọjọ́ kejì Kérésìmesì, tí a ti ń tún ìrẹsì ọjọ́ àkọ́kọ́ gbé kaná, pálọ̀ wa á di gbọ̀ngàn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni à ń jà lé lórí lọ́dọọdún: eré wo ló yẹ kó gba oyè Eré Ọdún? Ẹ̀bùn tó wà níbẹ̀ kò kéré. Eré tó bá borí ló ni tábìlì àárín pálọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ fún odindi ọdún tó ń bọ̀. Eré tó bá fìdí rẹmi, kó lọ wá ìta jókòó sí. Bàbá ni alága. Màmá ni olùṣọ́ àkókò, tí agogo wà lọ́wọ́ wọn. Yèyé ni adájọ́, nítorí Bàbá ní nínú gbogbo ilé, àwọn nìkan ni kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Lúdò ló gba oyè náà lọ́dún tó ṣáájú. Kò yà mí lẹ́nu nígbà náà pé adájọ́ àti ẹni tó ń ta lúdò jù nílé jẹ́ ẹnì kan náà. A kì í bi àgbà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Jídé dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, ọyẹ́ ti sọ irun wọn di funfun. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Yèyé, wọ́n sì ti dìde kí Yèyé tó lanu, nítorí ara wọn kò balẹ̀, nǹkan kan wà nínú àpò wọn tí wọ́n fẹ́ fi hàn wá. Àpótí pẹlẹbẹ kan ni, wáyà méjì jáde lára rẹ̀, ohun kan tí à ń yí bíi ti rédíò sì wà ní ìdí wáyà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí Bàbá ṣí tẹlifíṣàn. Kí ẹ mọ̀ pé inú kọ́bọ́ọ̀dù onílẹ̀kùn ni tẹlifíṣàn wa ń gbé, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò Bàbá, ìròyìn àti ìsìn ọjọ́ Àìkú nìkan ló sì ń rí afẹ́fẹ́. Bàbá ṣí i. Bọ̀ọ̀dá Jídé fi wáyà mìíràn bọ ẹ̀yìn rẹ̀, iná ìjọba sì ṣàánú wa, ó wà. Ni ojú tẹlifíṣàn bá dúdú, ìlà funfun kan dúró láàárín, igi funfun kan dúró lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, àmì funfun kékeré kan wá ń fò láti ọ̀dọ̀ eléyìí sọ́dọ̀ tọ̀hún. Kọ́. Kọ́. Kọ́. Mo pariwo. Màmá sáré jáde láti ìdáná, wọ́n rò pé ejò ni.

Àwọn ọmọ-ọmọ mi tí wọ́n ń fi fóònù wa ọkọ̀, tí wọ́n ń fi jagun, bi mí léèrè láìpẹ́ yìí pé kí ni à ń ṣe nínú eré yẹn gan-an. Mo ní à ń gbá bọ́ọ̀lù lọ, wọ́n ń gbá a bọ̀. Wọ́n ní, "Lẹ́yìn náà ńkọ́, Màmá?" Mo ní ó parí. Àánú mi ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n lójú mi lọ́jọ́ náà, kò tíì sí nǹkan tó dára tó o láyé. Mo di ohun tí à ń yí yẹn mú, mo fi gbogbo ara yí i, mo tẹ̀ sọ́tùn-ún títí mo fi ṣubú lu àga ńlá, bọ́ọ̀lù sì gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá. Ó kọjá, ó tún kọjá. N kò mú ẹyọ kan nínú gbogbo Kérésìmesì yẹn. Síbẹ̀, mo ti pinnu pé èmi ni Ọlọ́run dá eré náà fún. Bọ̀ọ̀dá Jídé rí bí mo ṣe dì í mú, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ tó fa gbogbo wàhálà: "Ó dáa. Bí ẹ bá fi í jẹ Eré Ọdún, mo fi í sílẹ̀ fún yín. Bí ẹ ò bá fi í jẹ ẹ́, mò ń gbé e padà s'Ékòó o." Mo ní èmi ni màá gbẹjọ́ rẹ̀ rò. Déjì ní kò burú, òun á sọ ti lúdò. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sọ́dọ̀ Yèyé bó ṣe ń sọ ọ́. Oníbékebèke ni Déjì.

Ọjọ́ Kérésìmesì gan-an, n kò mọ adùn ìrẹsì, n kò mọ adùn ẹran. Ẹ̀yìn ilé ni mo wà, tí mò ń bá àwọn adìyẹ tó ṣẹ́kù sọ̀rọ̀. Kókó mẹ́jọ ni mo ní. Eré yìí kì í sọ bọ́ọ̀lù sínú kànga aládùúgbò. Kì í gba bàtà. Dáìsì rẹ̀ kì í sọnù sábẹ́ àga, nítorí kò ní dáìsì. Ó ń jẹ́ kí ojú ríran. N kò rántí ìyókù mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọkàn mi sọ fún mi pé wọ́n gbóná, nítorí adìyẹ kan fò kọjá ògiri. Ohun tí mo múra sílẹ̀ fún jù lọ ni ìkíni. Bàbá máa ń tẹnu mọ́ ọn fún wa pé ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìkí alága, láìkí adájọ́, láìkí olùṣọ́ àkókò, láìkí alátakò rẹ̀, máàkì rẹ̀ ti dànù kó tó sọ ohunkóhun. Èmi wá rò ó lọ́kàn ara mi pé bí ìkíni bá ní máàkì, a jẹ́ pé ìkíni púpọ̀ ní máàkì púpọ̀. Ọgbọ́n tí mo gbọ́n nìyẹn. Mo yẹ̀ ẹ́ wò títí, n kò rí àléébù lára rẹ̀.

Déjì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó jáde sáàárín pálọ̀, ó na ìka ọwọ́ kan ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣa abẹ́rẹ́, ó da gbogbo ìkíni pọ̀ mọ́ èémí kan: "Alága, adájọ́, olùṣọ́ àkókò, alátakò mi, ẹ̀yin ènìyàn, mo kí yín." Ó tán. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò kókó. Ó ní lúdò kì í jẹ iná. Ó ní èèyàn mẹ́rin ló ń ta lúdò lẹ́ẹ̀kan, pé eré tí ẹni méjì ń ṣe tí gbogbo ilé ń wò ó, ìmọtara-ẹni-nìkan ni. Ó ní lúdò ń kọ́ni ní ìṣirò, ó ń kọ́ni ní sùúrù, ó ń kọ́ni bí a ṣe ń lọ sí àjò tí a sì ń padà wálé. Nígbà tó dé ibẹ̀ yẹn, Yèyé gbójú sókè díẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Jídé ń wo bàtà wọn. Àtẹ́wọ́ sọ. Agogo dún lẹ́yìn tó ti jókòó tán, ìyẹn ló sì dùn mí jù, pé ó jókòó dúró de agogo.

Ó kàn mí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo jáde, mo wọ aṣọ Kérésìmesì mi tó ń họ mí lọ́rùn. Mo kúnlẹ̀ síwájú Bàbá. "Alága wa ọ̀wọ́n, ẹni iyì, ẹni ẹ̀yẹ, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún, ẹ kú ètò, ẹ kú àkóso." Bàbá ń mi orí. Mo rí i pé ó wọ̀ wọ́n lára. Mo dìde, mo lọ kúnlẹ̀ síwájú Yèyé. "Adájọ́ tí kì í ṣègbè, Yèyé wa, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ọmọ." Ibẹ̀ ni mo ti kó wọ wàhálà, nítorí ohun kan wà tí mo gbàgbé. Yétúndé ni orúkọ mi. Ìyá Yèyé ló kú kí wọ́n tó bí mi, èmi ni wọ́n ní ó tún wá. Bí mo bá ti kúnlẹ̀ tọkàntọkàn, Yèyé kì í rí ọmọ-ọmọ wọn níwájú mọ́, ìyá tó bí wọn ni wọ́n ń rí.

Yèyé gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Àṣàkẹ́! Ùwọ rèé? Àṣàkẹ́ ọmọ olóko ìrẹsì lẹ́bàá odò. Ọmọ a-fún-àlejò-jẹ kó tó bi í léèrè orúkọ. Yèyé mi tó lọ tó tún bọ̀!" Wọ́n ń bá a lọ. Ta ló máa dìde nígbà tí àgbà ń kì í lọ́wọ́? Mo wà lórí eékún. Wọ́n ki ìyá wọn, wọ́n ki ìyá ìyá wọn, wọ́n wọ Ìgbẹ̀mọ láti òpin ìlú kan dé ìkejì, wọ́n ń kí àwọn òkú ibẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohùn wọn ń gbọ̀n. Orí mi wú, ẹ má jẹ́ kí n purọ́, ó dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ojú mi kan wà lára Màmá, ojú Màmá sì wà lára aago ọwọ́ wọn. Nígbà tí Yèyé mú ọwọ́ kúrò, mo fò dìde, mo yíjú sí Màmá, mo ní, "Olùṣọ́ àkókò tí kì í purọ́..."

Gbà-an!

N kò tíì sọ kókó kan. Gbogbo kókó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wà nínú mi bí oúnjẹ tí kò dà. Mo wo Màmá, wọ́n ṣe ojú àánú sí mi, àmọ́ wọ́n ti lu agogo. Mo ní, "Bàbá, mi ò tíì sọ nǹkan kan o." Bàbá ní, "Alága ni mo jẹ́ níbí. Àkókò rẹ ti lọ." Déjì ti wà nílẹ̀, ó ń di inú mú, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Bọ̀ọ̀dá Jídé fi fìlà bojú, èjìká wọn ń mì. Ibi tí mo dúró sí ni mo ti bú sẹ́kún, mo sì tún rántí nínú ẹkún pé n kò tíì kí alátakò mi, ni mo bá fi ẹkún kí Déjì. Ó dáhùn. Mo ti ṣègbéyàwó, mo ti sìnkú òbí, mo ti dúró níwájú àwọn tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ojú kò tíì tì mí tó ti ọjọ́ náà rí.

Bàbá ní kí adájọ́ dá ẹjọ́. Yèyé fi ìdí ìró nu ojú, wọ́n ní, "Mo gbọ́ tàwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ Déjì dùn létí. Àmọ́ Déjì éè kí mi. Ó fọwọ́ kanlẹ̀ bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ bọ́. Eléyìí kúnlẹ̀, ó kí mi, éè dìde títí mo fi tán. Ẹ̀rọ Jídé ló gbà á." Bàbá gún ìgbọ̀nwọ́ sórí tábìlì, wọ́n ní, "Yèyé, kókó ni a fi ń dá ẹjọ́ yìí. Ọmọ yìí kò sọ kókó kankan." Yèyé ní, "Ta ni adájọ́?" Alága wa ọ̀wọ́n jókòó wọ́ọ́. Èmi ńkọ́? Ẹkún gbẹ lójú mi kíá. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti ròyìn fún gbogbo Adébáyọ̀ pé bí mo ṣe lanu báyìí ni adájọ́ bú sẹ́kún, pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. N kò sì purọ́, bí ẹ bá wò ó dáadáa.

Bọ̀ọ̀dá Jídé padà s'Ékòó, ẹ̀rọ wọn jókòó sórí tábìlì bí ọba. Lẹ́yìn oúnjẹ, èmi àti Déjì, tó ti dárí ji gbogbo ayé nígbà tó rí i pé òun mọ̀ ọ́n gbá jù mí lọ, á máa yí i, bọ́ọ̀lù á máa gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó ṣàkíyèsí pé Yèyé kò sí ní pálọ̀ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, tí ojúmọ́ ṣì kù díẹ̀, mo bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú. Pátákó lúdò wà lórí àpótí, Yèyé ju dáìsì, wọ́n ta, wọ́n tún fi ọwọ́ kejì mú dáìsì, wọ́n jù ú.

"Yèyé, ta lẹ ń bá ta?"

"Ọwọ́ òsì mi."

"Ta ló ń jẹ?"

"Ọwọ́ òsì. Ó ń ṣe màgòmágó."

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo ń wo Jídé, ọmọ búlúù, tó ṣì wà nínú ilé rẹ̀ níbi tí kò ti rí síìsì jáde. Mo nífẹ̀ẹ́ Yèyé, ẹní kan náà ni a jọ ń sùn, èmi ni mo sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu lé wọn jáde ní pálọ̀, bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Mo ní kí wọ́n má bínú, pé n kò mọ̀ pé ìta ni wọ́n máa wá jókòó sí. Yèyé wò mí bí ẹni tó ń wo ewúrẹ́ tó ń sọ̀rọ̀.

"Bínú kí ni? Gbọ́. Lúdò yìí, Jídé ló ni ín. Èmi ni mo rà á fún un, mo sì kọ́ ọ títa nítorí rẹ̀. Ujọ́ tó ń lọ s'Ékòó, ó fi í lé mi lọ́wọ́, ó ní òun á máa wá ta á. Àmọ́ wò ó, pátákó ni, éè bàjẹ́ rí. Kí ló máa wá wò lára rẹ̀?" Wọ́n fi àgbọ̀n nà sí pálọ̀. "Ṣùgbọ́n eléyìí tó ń jẹ uná un, ó máa bàjẹ́. Ta ló mọ̀ ọ́n tún ṣe nínú ulé ria?"

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá Jídé nìkan ni."

"Ùwọ náà ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí." Wọ́n ju dáìsì. "Ṣé o rò pé ìkíni ni mo tìtorí ẹ̀ dá ẹjọ́?"

Ẹ wo bí wọ́n ṣe bọ́ adé lórí mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn, gbogbo ìkúnlẹ̀, gbogbo ẹkún tí mo fi kí alátakò, bí mo bá ti gbó bí ajá lọ́jọ́ náà, èmi náà ni n bá ṣì borí. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gba ipò ọwọ́ òsì. Ó sì mọ̀ ọ́n ta jù mí lọ.

Ẹ̀rọ náà kò jẹ́ kí Yèyé dúró pẹ́. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, iná ìjọba dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú agbára tí a kò bẹ̀ ẹ́. Gílóòbù pálọ̀ fọ́, èéfín yọ lára àpótí pẹlẹbẹ náà, òórùn rọ́bà tó jó gba ilé kan. Mo ké bí ẹni tí wọ́n ń pa. Yèyé rọra wọlé wá láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ó ti bàjẹ́?" Mo ní ó ti bàjẹ́. "Ó bàjẹ́ dáadáa?" Mo ní pátápátá ni. Yèyé ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́un," wọ́n sì lọ wẹ̀. Nígbà tí Bàbá fẹ́ rán dírẹ́bà kan tó ń ná Èkó sí Bọ̀ọ̀dá Jídé pé ohun tó jó báyìí ni kó rà ránṣẹ́, Yèyé fi àáké kọ́rí. "Má sọ ibi tó ti bàjẹ́ fún un. Ní éè ṣiṣẹ́ mọ́, kó wá fojú ara rẹ̀ wò ó."

Kí n tètè sọ ọ́ fún yín pé ẹ̀rọ náà kò sàn. Bọ̀ọ̀dá Jídé tú u, wọ́n tò ó, wọ́n tún tú u. Lọ́jọ́ Àjíǹde wọ́n ní ẹyọ irin kan ló kù, àwọn á mú un bọ̀. Wọ́n mú un bọ̀ nígbà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ó ku òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dún, títí Yèyé fi kú, láti wá tún ohun tí gbogbo wa mọ̀ pé ó ti kú ṣe. N kò mọ ìgbà tí àwọn náà mọ̀ ọ́n. N kò bi wọ́n.

Ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ yẹn ni mo ń rántí jù, ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde, tí iyán ti wà nínú abọ́, tí ọbẹ̀ ti délẹ̀. Yèyé wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi ń bá wọn ta. Bọ̀ọ̀dá Jídé wọlé, àpò irinṣẹ́ kọ́ wọn léjìká, wọ́n fẹ́ kọjá sí pálọ̀ lọ wo ẹ̀rọ. Yèyé ní, "Jídé." Wọ́n dúró. Wọ́n rí pátákó lúdò lórí àpótí, mo rò pé wọ́n dá a mọ̀, nítorí wọ́n sọ àpò kalẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú aṣọ funfun wọn, nínú erùpẹ̀ pupa. Yèyé bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, ìwọ̀n òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ náà àti ẹni tó kọ́kọ́ gbé wọn jó, wọn kò sì kánjú. Bọ̀ọ̀dá Jídé kò gbé orí. Èjìká wọn tún ń mì, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín lọ́tẹ̀ yìí. Bàbá jáde wá, wọ́n dúró. Déjì gbé garawa omi dé, ó dúró. Ebi ń pa gbogbo ilé, iyán ń tutù, àkókò agogo oúnjẹ ti kọjá. Màmá wà nídìí fèrèsé, agogo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ wọn, wọ́n ń gbọ́ oríkì. Wọn kò lù ú.